Ásímà líle: iṣẹ́ ọjọ́ tí ara dá

Kì í ṣe gbogbo ásímà tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu ni dókítà ń pè ní líle. Líle ni ti ẹni tó ń fa ínhélà steroid (oògùn tó ń mú wíwú inú ọ̀nà èémí lọ sílẹ̀) tí ìwọ̀n rẹ̀ ga, pẹ̀lú oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń fà á lójoojúmọ́, tó ń fà á bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ti tọ́jú àwọn àìsàn mìíràn tó ń dá kún un, síbẹ̀ tí èémí ṣì ń gé e. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń padà dé ní gbàrà tí wọ́n bá dín oògùn náà kù wà nínú wọn pẹ̀lú. Nínú 100 ẹni tó ní ásímà, nǹkan bíi 5 sí 10 ló wà ní ipò yìí.

"Bó ṣe yẹ" ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ní àìsàn rẹ̀ le, oògùn ni kò dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Orí ahọ́n àti ẹ̀yìn ọ̀fun ló ń bà sí. Nítorí náà ọwọ́ tó di ínhélà mú la ó kọ́kọ́ wò, ká tó máa wá oògùn tó lágbára jù.

Ohun tó ń dí èémí

Ohun mẹ́ta ló ń pàdé pọ̀ nínú àyà. Ara ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá wú. Iṣan tó yí ihò náà ká fún pọ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki sì dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Ínhélà ìrànwọ́ kíákíá, èyí tó sábà máa ń jẹ́ salbutamol, iṣan nìkan ló ń tú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ó ti mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn wákàtí 4 sí 6 agbára rẹ̀ tán. Kò fọwọ́ kan wíwú náà rárá. Steroid inú ínhélà ojoojúmọ́ ló ń mú wíwú náà lọ sílẹ̀, ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló sì ń gbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan lára. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pa èyí tó ń wò wọ́n tì, tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ èyí tó kàn ń tù wọ́n lára.

Ẹ fi wé ilẹ̀kùn pákó tí òjò pa, tó wú mọ́ férémù. Ẹ lè máa fi èjìká gbá a ṣí láràárọ̀, ṣùgbọ́n títí pákó yóò fi gbẹ, yóò máa há ni.

Agolo salbutamol kan sábà máa ń ní fífọ́n 200. Bí ẹ bá ń lo agolo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan, ewu kí èémí dédé gé yín ti pọ̀ sí i; ẹni tó bá ń lo 12 lọ́dún, ìyẹn ọ̀kan lóṣù, ewu ikú ti wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí agolo kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ọjọ́ yẹn á sọ òótọ́ fún yín nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá ń sọ pé "n kì í lò ó púpọ̀."

Bí a ṣe ń fa ínhélà olómi afẹ́fẹ́

Èyí ni agolo irin kékeré tó wà nínú ike, tí a máa ń tẹ̀ lórí. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ yọjú wo ẹnu rẹ̀ bóyá nǹkan kó sí i. Ẹ mì agolo náà dáadáa, nítorí nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn oògùn máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò bá mì í, afẹ́fẹ́ lásán ló lè jáde nígbà àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ tuntun, tàbí tí ẹ kò lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ́kọ́ fọ́n ọn dànù sínú afẹ́fẹ́ ní iye ìgbà tí ìwé inú páálí rẹ̀ bá sọ.

Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dúró, kí àyà nà. Ẹ mí èémí inú yín síta títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ má mí i sínú ínhélà. Ẹ fi ètè dì mọ́ ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráyè jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ahọ́n wà nísàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó tẹ agolo náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa fa èémí náà lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5. Ẹ dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, tàbí títí dé ibi tí agbára yín bá mọ. Ẹ wá mí síta. Bí dókítà bá ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, ẹ tún mì í, kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pọ̀ nínú èémí kan ṣoṣo, òfò ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni yíyára. Bí ẹ bá fà á bí ẹni tó ń fa ọbẹ̀ mu, oògùn á sáré lọ gbá ẹ̀yìn ọ̀fun, á sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí oògùn ń rú bí èéfín jáde létí ẹnu tàbí nímú, ẹ kò rí i gbà nìyẹn.

Ohun tó ń tún gbogbo èyí ṣe ni spacer, ike ńlá tó ní ihò lápá méjì, tí ínhélà ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Oògùn á dúró nínú rẹ̀ díẹ̀, ẹ kò ní láti mú ọwọ́ àti èémí bára mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní ásímà líle tí ínhélà rẹ̀ jẹ́ irú èyí, tí kò ní spacer, ń fi oògùn rẹ̀ ṣòfò. N kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ dá èémí dúró. Bí èémí bá ń gé débi pé ẹ kò lè dá a dúró, ẹ mí wọlé mí jáde nínú ike náà lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà fún fífọ́n kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí oògùn pẹ́ nínú rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Bí spacer bá ń súfèé bí ẹ ti ń fà á, ẹ ti yára jù.

Fífọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tú u palẹ̀, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ olómi sí, ẹ gbé e jáde, kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi aṣọ ra ike, iná mànàmáná kékeré á gùn ún lára, oògùn á sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ dípò kó wọ àyà yín. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ ó fi omi ṣàn. Bí ó bá pé ọdún kan, tàbí tí rọ́bà inú rẹ̀ ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ínhélà oníyẹ̀fun yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni ẹni tó ń lo irú méjèèjì ti ń ṣì í ṣe. Ti oníyẹ̀fun kò ní agolo tó ń tì oògùn jáde, agbára èémí yín ló ń gbé yẹ̀fun náà. Nítorí náà, fífà tó yá, tó le, tó sì jinlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ má mì í lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé oògùn sójú rẹ̀, ẹ má sì mí sínú rẹ̀, nítorí ọ̀rinrin ẹnu á mú yẹ̀fun náà dì. Kì í gba spacer.

Lẹ́yìn steroid èyíkéyìí, ẹ fi omi yọ ẹnu àti ọ̀fun, kí ẹ tu omi náà dànù. Ẹni tí kò bá ṣe é, nǹkan funfun lè bo ahọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè há. Ẹ gbé ínhélà ojoojúmọ́ sí ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ẹ kò ní gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, omi ìyọnu náà sì ti wà nítòsí.

Bí ínhélà kò bá ní nọ́ńbà tó ń ka iye tó kù, ìṣirò ni. Agolo fífọ́n 120, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ àti ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, ọjọ́ 30 ni yóò pé. Gbígbọ̀n ọ́n létí tàbí jíjù ú sínú omi láti wò ó bóyá yóò léfòó kì í sọ òótọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti oògùn ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn ti tán.

Mítà tó ń wọn èémí

Àyà tí ásímà ti ń bá jà fún ọdún pípẹ́ máa ń mọ́ ìnira lára. Ọ̀nà èémí lè ti há dé ìlàjì kí ẹni náà tó sọ pé "ó jọ pé kò rọrùn lónìí." Nítorí èyí ni peak flow mítà ṣe wúlò: ọ̀pá ike kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ẹ ṣe lè fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde tó.

Ẹ dá àmì rẹ̀ padà sí òdo. Ẹ dìde dúró. Ẹ fa èémí kún inú, ẹ fi ètè dì í, kí ẹ sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gbogbo agbára, bí ẹni tó ń pa àbẹ́là tó jìnnà. Kò ní láti gùn. Agbára ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń kà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ kọ èyí tó ga jù sílẹ̀, ẹ má pín in dọ́gba. Ìka tó bá dí ojú ọ̀nà àmì náà, tàbí ahọ́n tó dí ihò, á mú nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ bí ẹni ń tu itọ́, á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mítà kan náà ni kí ẹ máa lò, torí wọn kì í bára mu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ara yín dá dáadáa, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti nírọ̀lẹ́. Nọ́ńbà tó ga jù níbẹ̀ ni òkè agbára yín. Ẹ jẹ́ ká fi 400 ṣe àpẹẹrẹ. 80 nínú 100 rẹ̀ ni 320: láti ibẹ̀ lọ sókè, àwọ̀ ewé ni, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Láti 200 sí 319, yẹ́lò ni, àyà ti ń wú. Bí ó bá wá sílẹ̀ ju 200 lọ, pupa ni, pàjáwìrì. Nọ́ńbà ẹnìkejì kò wúlò fún yín, tirẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, dókítà yín ni yóò bá yín kọ ọ́ sórí ìwé kan, ẹ ó sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ará ilé ti ń rí i. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dárúkọ oògùn, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò gbà. "Ẹ mú oògùn pọ̀ sí i bí ó bá le" kì í ṣe ètò. Ohun tó wọ́pọ̀ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà ni pé bí nọ́ńbà bá wá sílẹ̀ ju 60 nínú 100 lọ, tàbí tí ara kò yí padà sí rere lẹ́yìn wákàtí 48 tí ẹ ti fi kún ínhélà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ prednisolone, steroid oníhóró, mílígíráàmù 40 sí 50 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7, kí ẹ sì pe dókítà. Ti ọmọdé yàtọ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Ẹni tí kò ní mítà lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá. Ṣé àyà fún mi lọ́sàn-án ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀? Ṣé ó jí mi lóru? Ṣé mo lo ínhélà ìrànwọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀? Ṣé ó dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo ti tó láti sọ pé nǹkan kò tíì wà níkàáwọ́. Èyí tó ń jí ni lóru ni kí ẹ fojú pàtàkì wò jù.

Nígbà tí ó bá dé

Èémí tó gé gan-an kì í sábà já lójijì. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nọ́ńbà á ti máa wálẹ̀, oorun á ti máa já. Àmọ́ bí ó bá ti dé:

1. Ẹ jókòó ṣánṣán, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún. Ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn.
2. Salbutamol pẹ̀lú spacer: fífọ́n kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, títí dé 10. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe pé ẹ ó fọ́n púpọ̀ sínú ike pọ̀.
3. Bí ó bá ń burú sí i nígbàkígbà, tàbí tí 10 pé tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì tàbí kí ẹnìkan gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má wa ọkọ̀ fúnra yín.
4. Bí ìrànlọ́wọ́ kò bá tíì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ tún fọ́n 10 mìíràn bákan náà.

Ọwọ́ á gbọ̀n, ọkàn á máa lù kìkì. Salbutamol ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má torí ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Àwọn kan wà tí ínhélà wọn jẹ́ budesonide (steroid) àti formoterol (oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí) pọ̀, tí dókítà ní kí wọ́n fi ṣe ti ojoojúmọ́ àti ti ìrànwọ́. Ìlànà tiwọn yàtọ̀: fífọ́n kan, ìṣẹ́jú 1 sí 3, òmíràn, títí dé 6. Fún èyí tí wọ́n kọ 200/6 sí lára, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ ju 12 lọ láàárín ọjọ́ kan, ti ojoojúmọ́ àti ti ìrànwọ́ lápapọ̀. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba dídúró rárá. Ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan láìmí. Àgbàlagbà tó ń mí tó ìgbà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹran àárín egungun ìhà tàbí ìsàlẹ̀ ọrùn tó ń wọnú bó ti ń mí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń kú lọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́. Àwọn ìwé máa ń sọ pé ètè á di búlúù. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ ṣí ètè wo inú rẹ̀, ẹ wo èrìgì àti èékánná, bí ó bá ti ń di àwọ̀ eérú, ìyẹn náà ni. Èyí tó ń tan àwọn ará ilé jẹ jù ni àyà tó dákẹ́. Wọ́n á ní súfèé tó ń dún láyà rẹ̀ ti lọ, ó ti sàn. Bí súfèé bá lọ tí èémí kò rọrùn, ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ tó ń kọjá kò tó ohun tí yóò dún mọ́.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn dára láti ní, bí ó bá sì wá sílẹ̀ ju 92 lọ, ẹ̀mí wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n lára àwọ̀ dúdú, ó lè sọ nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ. Bí ó bá sọ pé 95 tí ẹni náà kò sì lè sọ̀rọ̀, ẹni náà ni kí ẹ gbàgbọ́.

Oògùn oorun àti oògùn tó ń fọkàn balẹ̀ lè pa ẹni tí èémí rẹ̀ ń gé. Kì í ṣe àkókò àgbo, kì í ṣe àkókò kí wọ́n da aṣọ bò ó lórí mọ́ omi gbígbóná. Bí salbutamol bá tù yín lára, àmọ́ tí ẹ tún nílò rẹ̀ kí wákàtí 4 tó pé, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Prednisolone àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Steroid oníhóró máa ń gbani là, ó sì máa ń gba owó rẹ̀. Ẹ fi oúnjẹ gbé e mì láàárọ̀. Ti alẹ́ á lé oorun lọ. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ara rẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe irú tirẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìfúnpá á já wálẹ̀, ó lè dákú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá ń bì, tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀, pàjáwìrì ni pẹ̀lú, bí àyà rẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́. Ẹ máa mú káàdì tàbí ìwé tó sọ pé ẹ wà lórí steroid dání.

Bí ó bá pẹ́, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá ga, ó ń mú ojú ṣú, ó ń mú ìrònú rú. Nítorí náà, ẹni tó ti gba prednisolone lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan kò yẹ kó máa dúpẹ́ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó béèrè fún dókítà ẹ̀dọ̀fóró.

Ilé, àti ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀

Ẹ má gbìyànjú láti sá fún gbogbo nǹkan, á sú yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí nọ́ńbà wálẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ohun tó ń dààmú ẹ̀yin gan-an á fara hàn.

Bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Kòkòrò inú eruku, tí ojú kò lè rí, inú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí ló ń gbé. Ẹ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú omi tó gbóná tó 60°C. Omi tútù ń fọ ìdọ̀tí, kì í pa á. Ẹ fi ohun tí eruku kò lè là kọjá bo tìmùtìmù. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, torí ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń gbé eruku dìde ni, kí ẹni tó ní ásímà sì kúrò nínú yàrá nígbà náà. Ògiri tó ti bu nítorí omi, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé kí ẹ tó kun ọ̀dà lé e. Aáyán àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń fa ásímà pẹ̀lú, àmọ́ oògùn tí a ń fọ́n pa á burú fún àyà. Èyí tí a ń fi sí kọ̀rọ̀ fún un láti jẹ ló sàn. Ológbò tí wọ́n gbé kúrò nílé, ó lè gbà tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ohun tó bọ́ lára rẹ̀ tó dínkù.

Èéfín kò ní ìwọ̀n tó dára: ti sìgá, ti iná igi, ti ẹ́ńjìnnì, ti kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ẹni tó ní ásímà tó ń mu sìgá, steroid inú ínhélà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún un. Omi ìfọlé tó ní òórùn líle, ẹ dà á sí aṣọ, ẹ má fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́, ẹ má sì po bílíìsì mọ́ nǹkan mìíràn. Òtútù ń fún àyà, ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ọ̀fìnkìn ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ àjẹsára fún flu lọ́dọọdún.

Àwọn oògùn tó ń ti ẹ̀yìn wá

Aspirin, ibuprofen, diclofenac àti naproxen lè fún àyà àwọn kan láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí mẹ́ta, pàápàá àwọn tí ẹran kékeré hù nínú imú wọn. Paracetamol ní ìwọ̀n tó yẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Propranolol àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí wọ́n ń lò fún ọkàn, ìfúnpá tàbí orí fífọ́, ń dí ọ̀nà èémí. Timolol, oògùn ojú fún glaucoma, ìbátan wọn ni. Ìkán kan lójú ti tó láti gé ènìyàn léèémí, dókítà ojú kò sì ní mọ̀ pé ẹ ní ásímà bí ẹ kò bá sọ fún un.

Bí imú bá ń dí, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá ń ru padà sọ́fun lóru, ẹ jẹun ó kéré tán wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun, kí ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Ẹni tó sanra púpọ̀, bí ó bá dín 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, èémí lè rọrùn fún un. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìnira tó wà ní ọ̀fun ju àyà lọ, tí ariwo rẹ̀ ń dún nígbà tí èémí ń wọlé, tí salbutamol kò ràn, ó lè jẹ́ okùn ohùn ló ń há. Ìyẹn kì í ṣe ásímà, ẹni tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Eré ìdárayá kò di èèwọ̀. Ẹ fi ìrìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ lo ínhélà ìrànwọ́ ṣáájú bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni fún ìbálòpọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń tijú láti béèrè. Aboyún, ẹ má dá oògùn dúró. Àìrí èémí mí ìyá ló léwu fún ọmọ inú ju ínhélà lọ.

Àwọn abẹ́rẹ́ biologic

Fún ẹni tó ti ṣe gbogbo èyí, síbẹ̀ tí èémí ṣì ń gé e, abẹ́rẹ́ wà tó ń dí ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ wíwú náà nínú ara. Omalizumab, tó kọ́kọ́ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003, wà fún ásímà tí èèwọ̀ ara (aléjì) ń fà, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin síra. Mepolizumab, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin síra, àti benralizumab, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wà fún ẹni tí eosinophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dupilumab jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì síra; tezepelumab, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ èyí tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu, ibẹ̀ ni ọ̀fìn kan wà: prednisolone máa ń lé eosinophil wálẹ̀. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ ti ń gbé e mì, èsì á ní kò sí, wọ́n á sì ní abẹ́rẹ́ kò yẹ yín. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gbé e mì kẹ́yìn. Aràn inú náà ń mú eosinophil pọ̀, kí wọ́n wò ó kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, oṣù mẹ́rin ni kí ẹ fún un kí ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́. Ínhélà ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ló ti dá a dúró torí ara wọn yá, tí ara náà sì padà yí. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ náà ń gbé, láàárín 2 sí 8°C. Ẹ gbé e síta fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, ẹ má fi iná yá a.

Nígbà tí ẹ bá ń jáde

Ínhélà ìrànwọ́ méjì, ọ̀kan lára yín, ọ̀kan níbi iṣẹ́ tàbí nínú àpò. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, báàgì ọwọ́ ni, kì í ṣe ẹrù abẹ́. Ẹ má fi agolo sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn pa. Bí ooru bá ju 50°C lọ, ó lè bẹ́. Bí òtútù bá mú un, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yá a kí ẹ tó lò ó. Kí ẹnìkan níbi iṣẹ́ mọ ibi tó wà àti bí wọ́n ṣe ń fi spacer fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá dá yín sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ẹ padà rí dókítà láàárín ọjọ́ 2 sí 7, bí ara bá tilẹ̀ ti yá. Ẹ kó gbogbo ínhélà lọ, àti èyí tó ti tán, pẹ̀lú spacer àti ìwé tí ẹ ń kọ nọ́ńbà sí. Kí ẹ tó jókòó, ẹ ní kó wo bí ẹ ṣe ń fà á.